Ilẹ̀kùn Tí Kì Í Gbọ́ Ìkànkùn Mọ́

Ẹni tó bá gba yàrá sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Iyana Iyesi, ní àwọn ọdún tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù níbẹ̀ bí olú lẹ́yìn òjò, á kọ́kọ́ rò pé orí òun á fọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Orí kì í fọ́. Ara èèyàn ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Jùwọ́n àti ìyàwó rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, kó débẹ̀. Wọ́n bá sípíkà ràgàjì kan lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó kọjú sí fèrèsé wọn gan-an, àfi bí ẹni pé àwọn nìkan ni ẹlẹ́ṣẹ̀ tó kù ládùúgbò.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Jùwọ́n ń fi ìrọ̀rí dí etí. Kó tó pẹ́, pásítọ̀ á máa lé ẹ̀mí òkùnkùn jáde ní ọ̀sán Sátidé, Jùwọ́n á sì máa hanrun lábẹ́ fèrèsé. Ohun tó wá ń yà á lẹ́nu ni pé bí iná bá lọ, tí sípíkà dákẹ́ lójijì, ìgbà náà ni yóò ta jí, àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.

"Àdúrà ò jí ẹ, àìsí àdúrà ló jí ẹ," ni Fúnmiláyọ̀ wí lọ́jọ́ kan tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Ọkọ mi, irú ẹ̀mí wo nìyẹn?"

"Kì í ṣe ẹ̀mí. Etí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa, etí ẹ ni ká gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà."

Jùwọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tí àlọ́ kì í sùn nínú rẹ̀ ni. Bí ohun kan ò bá yé e, á máa yí i lọ yí i bọ̀ bí ẹni tó ń wá ojú okùn tó lọ́. Èyí ò tilẹ̀ yẹ kó ṣòro fún un, torí ohun tó jọ ọ́ ló fi gba oyè ní yunifásítì tó wà nítòsí ibẹ̀, níbi tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kẹ́míkà inú ara. Lára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn yàrá tíntìntín tí a fi kọ́ ara wa, ni àwọn ohun kan wà tí wọ́n dà bí etí. Risẹ́pítọ̀ ni àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń pè wọ́n. Oògùn tàbí omi ara á kàn wọ́n, wọ́n á gbọ́, wọ́n á sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún àwọn ará inú ilé. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń kàn wọ́n ò bá sinmi, sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ fi nǹkan dí etí náà. Bí ariwo ò bá dẹ̀yìn, á fa etí ọ̀hún wọlé kúrò lójú ọ̀nà. Bó bá wá pẹ́ títí, á rún un pátápátá, ó di ìgbà tó bá rọ òmíràn kó tó tún gbọ́ dáadáa. Ẹ lè jí Jùwọ́n lójú oorun kó sọ gbogbo èyí láìṣi ọ̀kan. Ohun tí kò rò rí ni pé ọ̀rọ̀ náà lè wá bà lé òun fúnra rẹ̀ láyà.

Ìwé ẹ̀rí ò gbé e dé ibi tó fojú sí. Lẹ́yìn tó kọ̀wé síwá sẹ́yìn títí tó sú u, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ lúbúlúbú ní Ṣàngó-Ọ̀tà ló gbà á, kì í sì í ṣe sí ọ́fíìsì. Yàrá míkísà ni wọ́n fi í sí, níbi tí ẹ̀rọ kan tó tóbi bíi táńkà omi ti ń po èròjà ọṣẹ pọ̀. Kí wọ́n tó gbà á, ọ̀gá Gbọ́ládé tó ń darí iṣẹ́ wò ó láti òkè délẹ̀.

"O ò ní ásímà? Ikọ́ tí í sé èèyàn léémìí, o ò ní in?"

"Rárá, sà."

Nígbà tó wí bẹ́ẹ̀, irọ́ náà ò jọ irọ́ lójú rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí ikọ́ ọ̀hún ṣe é gbẹ̀yìn ní Ìkìrun, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà. Ikọ́ ti sùn. Eruku ọṣẹ ló wá jí i.

Kó tó jí, oyún ti wà nínú Fúnmiláyọ̀. Àwọn dókítà ti wò ó, wọ́n ní kò ní lè fúnra rẹ̀ bí i, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa ṣe fún un. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá sì ti kọ́nfáàmù nìkan ni ilé-iṣẹ́ ń san ìtọ́jú ìyàwó rẹ̀. Ìparí oṣù ni wọ́n ní wọ́n máa kọ́nfáàmù Jùwọ́n. Bó bá lọ sí kíníìkì ilé-iṣẹ́ lọ wí pé àyà òun ń fọn fèrè, irọ́ á tú, wọ́n á ní kó máa lọ ilé. Bí kò bá lọ, eruku á máa bá a jà lójoojúmọ́. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Ó wá gba kẹ́mísì abẹ́ afárá Ṣàngó lọ, ó ra ínhélà aláwọ̀ aró, oògùn tí wọ́n ń fọ́n sẹ́nu fà, ó fi í sápò ṣòkòtò bí ẹni fi ìwà búburú pamọ́.

Kò mọ̀ pé kò sóhun tó ń fi pamọ́. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ yọ ọ́, Àmúdà bú sẹ́rìn-ín. Ará Ìwó ni Àmúdà, òun ni àgbà nínú àwọn tó ń po ọṣẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì ti bó títí dé ìgbọ̀nwọ́ nítorí èròjà. Òun náà ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú tirẹ̀ jáde.

"Akọ̀wé, o rò pé ìwọ nìkan lo gbọ́n ni? Ọ̀dọ̀ tiwa níbí, a kì í dúró de eruku kó kọ́kọ́ gbá wa lójú. À ń fà á ká tó wọlé ni."

"Ṣé ẹ̀yin náà ń wúkọ́ ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Ikọ́ kẹ̀? Ọlọ́kọ̀ kì í wo ọ́ìlì kó tó gbéra ni? Fa tìrẹ, jẹ́ ká lọ."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà yàrá míkísà, ẹni tó ń wúkọ́ àti ẹni tí kò wú. Ẹni tó gbàgbé tirẹ̀ sílé á gba ti ẹnì kejì, á fi ìdí aṣọ nu ẹnu rẹ̀, á fà á. Jùwọ́n mọ̀ pé oògùn pàjáwìrì ni. Ó mọ ibi tó ń lọ, ó mọ etí tó ń kàn lára iṣan ọ̀nà ọ̀fun, ó mọ bí iṣan náà ṣe ń dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi ń ráyè kọjá. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kì í ṣe èémí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan tó bá fà á láàárọ̀ á gbé e títí iṣẹ́ á fi parí. Nígbà tó yá, ó di pé á tún fà á kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé. Lẹ́yìn náà, á fà á tó bá jí, á fà á lórí ọ̀kadà, á fà á ní ilé ìtọ̀. Bó ṣe ń fà á tó ni ìtura rẹ̀ ń kúrú. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé eruku ló ń pọ̀ sí i.

"Nǹkan tí o ń fà bí ọmọ ọmú yìí," ni Fúnmiláyọ̀ bi í, "ọjọ́ wo lo máa já a?"

"Ìparí oṣù. Tí wọ́n bá ti kọ́nfáàmù mi, màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé mi lọ sí ibòmíràn."

"Ìparí oṣù." Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀.

Yàrá míkísà kò ní fèrèsé kankan. Ilẹ̀kùn irin kan ló ní, ìta ni wọ́n sì ti ń fi àgádágodo tì í, láti ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí títí ìpò kan, tí wọ́n ń pè ní báàṣì, á fi pé. Ọ̀gá Gbọ́ládé ní kí eruku má baà jáde lọ bá àwọn tó ń di ọṣẹ sínú ọ̀rá ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí ẹnikẹ́ni má baà jí òróró olóòórùn dídùn gbé ni. Bàbá Ògúnlẹ́yẹ ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, òun náà ló ń gba fóònù wọn sínú páálí kí wọ́n tó wọlé. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni bàbá yìí. Orí ilẹ̀ tí bàbá tó bí i ti ń gbin ẹ̀gẹ́ ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ náà sí, ohun tó sì kù fún òun níbẹ̀ ni àga kan àti kọ́kọ́rọ́ kan.

Àwọn tó wà nínú yàrá ò sì jẹ́ kó gbádùn àga ọ̀hún. Ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n á kànkùn. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ti dá á kànkùn. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ góòlù tí wọ́n gbá lórí rédíò bàbá á kànkùn. Bẹ́ẹ̀lì kan wà lára ògiri inú yàrá fún pàjáwìrì, òun gan-an ni wọ́n wá sọ di ohun ìṣeré. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní bàbá á sáré dìde débi pé bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi òwú dí etí. Nígbà tí òwú ò gbà á, ó gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà lọ sí ẹ̀yìn táńkà omi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Jùwọ́n dé, ó rí i pé ojú ibi tí bẹ́ẹ̀lì wà lára ògiri ti ṣófo.

"Bàbá, ẹ ti yọ bẹ́ẹ̀lì?"

"Mo ti yọ ọ́. Ó wà nínú páálí lọ́hùn-ún. Ó fẹ́ yọ mí létí."

"Bí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ nínú ńkọ́?"

"Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó síbí, kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ibẹ̀ tó ju ìtọ̀ lọ?" Bàbá na páálí sí i. "Yunifásítì, mú fóònù wá, kó o wọlé, kí n tì ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, bẹ́ ẹ bá ń kú gan-an, mi ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìtọ̀."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Àmúdà ní kí bàbá rọra, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu àgbà.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìyókù ṣe ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́. Bọ́tìnnì pupa kan wà lára míkísà tí wọ́n fi ń dá a dúró. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí báàṣì ò tíì pé, èròjà tó wà nínú ikùn ẹ̀rọ á gan, á le bí kọnkéré, dígà ni wọ́n á fi gbẹ́ ẹ. Ọkùnrin kan tẹ̀ ẹ́ nígbà kan nítorí pé ó gbọ́ ìró kan tí kò yé e. Kí ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti dá aṣọ iṣẹ́ padà.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, nínú ọ̀sẹ̀ tí oṣù máa parí. Jùwọ́n àti Àmúdà nìkan ló wà nínú yàrá. Bàbá ti tì wọ́n mọ́lé, míkísà ti ń ké, ariwo rẹ̀ ń gba inú egungun kọjá. Jùwọ́n gbé àpò èròjà kan lé èjìká, èyí tí ń jẹ ìdọ̀tí lára aṣọ, ó ń gun àkàsọ̀ lọ láti dà á sínú ẹ̀rọ. Ìdí àpò náà já. Gbogbo rẹ̀ ya lu orí rẹ̀, ó kún imú, ó kún ẹnu, ìbomú bébà tí wọ́n fún wọn lẹ̀ mọ́ ọn létè bí ewé.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ti mọ bí àyà ṣe ń dì, àmọ́ èyí yàtọ̀. Ó dà bíi pé ẹnì kan gbá àyà rẹ̀ mú, tó sì ń fún un bí aṣọ tí wọ́n fọ̀. Ó fa ínhélà. Ó dúró. Kò sí nǹkan kan. Ó tún fà á, ó tún dúró. Ó mì í sétí, ó gbọ́ oògùn nínú rẹ̀, kò tíì tán, kò tilẹ̀ dé ìdajì. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Àfi bí ìgbà tí èèyàn ń kí ẹni tó ti kó kúrò nílé.

"Akọ̀wé! Kí ló dé? Ẹnu ẹ ti ń dúdú!" Àmúdà ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó yọ ínhélà tirẹ̀, ó tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. "Fa èyí, èyí ṣì le. Fà á!"

Jùwọ́n fà á. Ti Àmúdà náà ò dáhùn.

Àmúdà sáré sí ilẹ̀kùn. Ó fi ìkúùkù lù ú, ó fi ẹsẹ̀ ta á, ó mú ṣọ́bìrì, ó ń lu irin gbà-gbà-gbà. "Bàbá! Ẹ ṣílẹ̀kùn! Bàbá Ògúnlẹ́yẹ! Ẹ̀mí ń lọ o!" Míkísà gbé ohùn rẹ̀ mì. Ó tún lù ú. Kò sẹ́ni tó wá. Ó gbàgbé, ó yíjú sí ògiri láti tẹ bẹ́ẹ̀lì, ó bá àmì onígun mẹ́rin funfun kan níbẹ̀ tí eruku ò tíì bò tán.

Jùwọ́n ti wà nílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ẹsẹ̀ míkísà, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún. Èémí tó kù fún un ò tó fi pe orúkọ. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ mọ́ kedere, bó ṣe máa ń mọ́ nígbà tí àlọ́ bá fẹ́ já. Ó ń wo àmì funfun yẹn lára ògiri. Òwú ni bàbá kọ́kọ́ fi dí etí. Lẹ́yìn náà ó gbé àga wọlé sẹ́yìn táńkà. Lẹ́yìn náà ó yọ bẹ́ẹ̀lì. Ó dí i, ó fà á wọlé, ó mú un kúrò. Yé! Ohun tí òun kọ sínú ìwé tó fi gba oyè rèé, tó ń rìn lẹ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun rèé nínú àyà òun náà. Òun àti Àmúdà àti gbogbo wọn ti kan ilẹ̀kùn méjèèjì títí wọn ò fi gbọ́ mọ́. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò sí afẹ́fẹ́ ẹ̀rín.

Àmúdà ṣì ń lu irin. Gbà-gbà-gbà. Bó ṣe ń lù ú tó náà ni bàbá ń sùn tó.

Kí ní ń jí ẹni tí ariwo ò jí?

Ó rí yàrá wọn ní Iyana Iyesi, ọ̀sán Sátidé, fèrèsé, sípíkà tó dákẹ́ lójijì, ara rẹ̀ tó ta gìrì lórí bẹ́ẹ̀dì. Àdúrà ò jí ẹ, àìsí àdúrà ló jí ẹ.

Ó yí ikùn délẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbi bọ́tìnnì pupa. Kò jìnnà, ẹsẹ̀ bíi mélòó kan ni, àmọ́ ó dà bíi pé láti Ṣàngó títí dé Adó-Odò ni. Àmúdà yíjú, ó rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó fò lù ú, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má fọwọ́ kàn án! Wàláhì, Jùwọ́n, má fọwọ́ kàn án! Àwa méjèèjì ni wọ́n máa lé. Mo bímọ!"

Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí yóò pè é ní orúkọ rẹ̀. Jùwọ́n wò ó lójú. Òun náà ní ọmọ, kò tíì dé ayé, ìparí oṣù ló ń dúró dè. Ó rí káàdì ìtọ́jú tí wọn ò tíì tẹ̀, ó rí Fúnmiláyọ̀ tó gbé ọwọ́ lé ikùn. Bí ó bá tẹ bọ́tìnnì yìí, káàdì ti lọ. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, ta ni wọ́n máa kọ́nfáàmù? A kì í gba òkú síṣẹ́. Ó fi èjìká gbún Àmúdà, ó na ìka, ó tẹ̀ ẹ́.

Míkísà ké bí ẹran tí wọ́n fi okùn fà, ó yí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dúró.

Ìdákẹ́jẹ́ wọlé. Àmúdà tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá yẹn láti ọdún gbọọrọ ò gbọ́ irú rẹ̀ rí níbẹ̀. Ó gbọ́ eruku tó ń bọ́ sílẹ̀. Ó gbọ́ fèrè tó ń fọn nínú àyà Jùwọ́n, tínrín, bí ẹyẹ tó há sínú ọ̀pá. Ó gbé ṣọ́bìrì sókè láti tún lu ilẹ̀kùn. Jùwọ́n di etí ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó mi orí. Má kàn án. Ó gbé ìka lé ètè tó ti dúdú. Àmúdà dúró, ṣọ́bìrì lókè.

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó le tó o láyé, kí èèyàn máa kú lọ kó sì máa dákẹ́.

Lẹ́yìn náà, àga kan ṣubú níta. Sálúbàtà ń sáré bọ̀, fàù-fàù-fàù. Ohùn bàbá ló kọ́kọ́ wọlé kí kọ́kọ́rọ́ tó wọ ihò:

"Ta ló pa á? Ta ló pa ẹ̀rọ? Kí lẹ ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá rí Jùwọ́n nílẹ̀, páálí fóònù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Gbọ́ládé náà ti ń sáré bọ̀ láti ọ́fíìsì, torí ìdákẹ́jẹ́ ọ̀hún ti dé ọ̀dọ̀ òun náà. Òun àti Àmúdà gbé Jùwọ́n sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fun fèrè lọ láàárín àwọn ọkọ̀ títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ní Ọ̀tà. Ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé tán, tí wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, ló tó yíjú sí Àmúdà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ló tẹ bọ́tìnnì?"

Àmúdà wo ilẹ̀. Ó nawọ́ sí yàrá tí Jùwọ́n wà. "Òun ni, sà."

Abẹ́rẹ́ ni dókítà fún un, wọ́n sì tún fi oògùn mìíràn sínú afẹ́fẹ́ tó ń mí, èyí tó gba ọ̀nà mìíràn wọlé, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú etí tó ti dí yẹn. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ tó fún un láyà bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, dókítà, obìnrin kan tó ń fi ojú tó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, jókòó tì í.

"Ìgbà mélòó lóòjọ́ lo ń fa èyí aláwọ̀ aró?"

"Mi ò kà á mọ́, mà."

"Bí o bá ń fi oògùn yẹn kan ara lójoojúmọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó gbọ́..."

"Wọ́n á dí etí, wọ́n á fà á wọlé, wọ́n á rún un."

Dókítà gbójú sókè. "O mọ̀ ọ́n, o sì ń ṣe é?"

"Inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n, mà. Mi ò tíì bá a pàdé nínú yàrá tí wọ́n tì."

Ó kọ ínhélà mìíràn fún un, aláwọ̀ ilẹ̀. Ó ní eléyìí kì í ṣí nǹkan kan lójú ẹsẹ̀. Á máa mú wíwú inú ọ̀nà èémí rọlẹ̀ ni, á sì máa ran àwọn etí lọ́wọ́ kí wọ́n padà yọ. Ti aró, kó gbé e pamọ́ fún ọjọ́ tí iná bá jó. "Àmọ́ bí o bá padà sínú eruku yẹn," ó ní, "èmi ò ní oògùn fún ìyẹn."

Kò sí eruku láti padà sí. Kí wọ́n tó dá Jùwọ́n sílẹ̀, Àmúdà wá kí i, ó mú ọsàn wá nínú ọ̀rá. Ó jókòó sétí àga bí ẹni tó fẹ́ sá.

"Wọ́n ní kó o má wá mọ́. Dígà ni wọ́n ṣì fi ń gbẹ́ míkísà títí di àárọ̀ yìí." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó bó. "Èmi ni mo nawọ́ sí ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ìwọ ni."

"Ẹ ò parọ́ nígbà náà."

Àmúdà mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ tún là díẹ̀. "Bàbá ti dá bẹ́ẹ̀lì padà sára ògiri. Ó ní ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ nítorí ìtọ̀, olúwa rẹ̀ ló máa mu ìtọ̀ ọ̀hún."

Jùwọ́n rẹ́rìn-ín, afẹ́fẹ́ ẹ̀rín sì wà. "Ẹ̀yin náà, ẹ yéé fa nǹkan yẹn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin tẹ́ ò wúkọ́ gan-an. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá nílò rẹ̀, kò ní mọ̀ yín."

"Kí la ó wá máa ṣe sí eruku?"

"Ẹ bèèrè ìbomú gidi."

"Lọ́wọ́ ta ni?" ni Àmúdà wí.

Ọ̀sán Sátidé ni òun àti Fúnmiláyọ̀ padà dé Iyana Iyesi. Ní ilé ìwòsàn, ibi jẹ́jẹ́ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, kò sì gbọ́ ju bàtà àwọn nọ́ọ̀sì lọ. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ariwo sípíkà gbá a lójú bí ìgbájú. Ó dúró sójú ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí.

"Kí ló dé?" ni Fúnmiláyọ̀ bi í.

"O ò gbọ́?"

"Kí ni?"

Wọ́n wọlé. Ó ti rẹ Fúnmiláyọ̀, ó dùbúlẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ nítorí oyún. Kí oorun tó gbé e lọ, ó ní ìyá òun ránṣẹ́ láti Adó-Odò pé kí wọ́n wá bímọ síbẹ̀, wọ́n á bẹ àwọn ará ilé, wọ́n á ṣá rí i ṣe. Kò sọ bí wọ́n ṣe máa rí i ṣe. Láìpẹ́ ó ti ń hanrun, pásítọ̀ sì ń lé ẹ̀mí òkùnkùn jáde lókè orí rẹ̀.

Gígun àtẹ̀gùn ti mú àyà Jùwọ́n dì díẹ̀. Ó mú ínhélà aláwọ̀ aró, ó wò ó pẹ́, ẹ̀rù ń bà á ju ti Ọjọ́bọ̀ lọ. Bí kò bá dáhùn ńkọ́? Ó fà á lẹ́ẹ̀kan péré. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń dúró bí ẹni tó kànkùn sílé ẹni tó ṣẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ohun kan dẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, rọra, bí ẹni tó ń yí kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn. Ẹnì kan ti padà sílé. Ó dìde, ó gbé ínhélà lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, síbi tí ọwọ́ ò ti lè ṣèèṣì bà á.

Lẹ́yìn náà, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ nínú rẹ̀. Kò lè sùn, kò ní ibi tó máa lọ, kò níṣẹ́ tó máa jí lọ ní ọjọ́ Ajé. Ó ń ka gbogbo "àmín" bí wọ́n ṣe ń wọlé.

Iná lọ. Sípíkà gé lójijì.

Fúnmiláyọ̀ ta gìrì lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dìde jókòó, ọwọ́ lórí ikùn, ojú rẹ̀ là kalẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n dákẹ́ ni," ni Jùwọ́n wí. Ó lọ jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ lórí ọmọ náà. "Sùn. Wọ́n máa tó tan jẹnẹrétọ̀."